Ìpara Kì í Ṣe Oògùn

Túsìdeè, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Bébà fọ́tò ti tún gbówó lórí. Oníbàárà kan ṣoṣo ló yà sí ṣọ́ọ̀bù, òun náà, òjò ló ń sá fún.

Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ti wú. Lọ́jọ́ Sátidé ló fi ojúgun gbá etí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Kò yẹ kó ju ohun tí èèyàn á pariwo lé lórí lẹ́ẹ̀kan tá á sì gbàgbé, àmọ́ ńṣe ni awọ rẹ̀ ya bíi bébà tí omi ti rẹ. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn. Ó ní, "Fọ́tò, o ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé gbogbo nǹkan lo fẹ́ sọ di wàhálà ni?" Orúkọ tó ń pè mí nìyẹn nítorí iṣẹ́ mi. Èmi ń pè é ní Adúmáradán láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kódà láwọn ọdún tí orúkọ náà ò bá ara rẹ̀ mu mọ́.

Ìyẹn ti dópin, ọpẹ́ ni. Oṣù tó kọjá ló kó gbogbo ìpara abóra rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ dà á nù. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n búra pé ìyá òun ò ní gbọ́ láé. Mo búra. Ọdún mẹ́fà la fi ja ìjà yẹn, mo sì borí, inú mi ò tíì yéé dùn. Àwọ̀ rẹ̀ ti ń padà lẹ́yìn etí àti lọ́rùn. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni mo fi ń jẹun, mo rí i kí òun fúnra rẹ̀ tó rí i.

Kìkì pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Oúnjẹ ò wù ú, òòyì sì máa ń kọ́ ọ tó bá dìde. Mo ní ara rẹ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀ ìpara. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ìrọ̀rí lù mí.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ karùn-ún

Ibà gbé e lóru. Nígbà tó di àárọ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ, ó sì ń wo ọmọ wa bí ẹni tí kò mọ ẹni tó jẹ́. Mo gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀.

Dókítà tó gbà wá wo egbò yẹn lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ yí padà. Kòkòrò ti gba ojú egbò wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó bi mí pé, "Oògùn wo ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀?"

Mo ní, "Kò sí, dókítà. Kódà oògùn ẹ̀fọ́rí, ó dìgbà tí mo bá bẹ̀ ẹ́."

Wọ́n gbé e wọ yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le.

Fúráìdeè, ọjọ́ kẹfà

Ìyá ìyàwó mi ti dé, pẹ̀lú báàgì kan àti ìrọ̀rí tirẹ̀, torí kì í fi orí lé ìrọ̀rí ẹlòmíràn. Ó fi omi gbígbóná nu ojú ọmọ rẹ̀, ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ wo bó ṣe pọ́n. Dúdú ni mo bí i o, àgbà ló wá fi jọ ìyá mi. Ìyá mi náà pọ́n báyìí." Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá." Mo yíjú sí fèrèsé.

Omi ti wọnú rẹ̀ bí ẹni ń rọ omi sí kòtò. Oògùn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ń kán sí i lára, síbẹ̀ ìfúnpá kọ̀, kò gòkè. Dókítà kan tó wọ gíláàsì ojú, tí mo ń pè ní Dókítà onígíláàsì, pè mí sí kọ̀rọ̀. Obìnrin ni, òun ni olórí níbẹ̀, kì í kánjú sọ̀rọ̀.

"Ẹ wò ó, sà. Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní nǹkan kékeré kan tó jókòó lé e lórí bíi fìlà. Òun ló ń ṣe họ́mọ̀nù kan tí ara máa ń sá tọ̀ nígbà wàhálà. Tí àìsàn tó báyìí bá dé, ńṣe ló yẹ kó máa tú u jáde yàà. Tí kò bá sí, iṣan ẹ̀jẹ̀ ò ní gbọ́ràn sí oògùn wa lẹ́nu."

"Ṣé tirẹ̀ ò wá ṣe é ni?"

"Ó jọ pé kò ṣe é tó. Ó ń rí bẹ́ẹ̀ fáwọn kan tí kòkòrò bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, àìsàn náà á dá fìlà yẹn lágara. A máa fi tòde ràn án lọ́wọ́ títí á fi gba iṣẹ́ rẹ̀ padà."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fẹ́ obìnrin yìí, mi ò mọ̀ pé ó dé fìlà méjì sínú. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un kó rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ mi.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹjọ

Ìfúnpá ti gòkè! Láti ìgbà tí họ́mọ̀nù tòde ti wọ ara rẹ̀ ni oògùn yòókù ti ń ṣiṣẹ́. Ó la ojú, ó ní, "Fọ́tò, irun àgbọ̀n rẹ burú." Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn nọ́ọ̀sì bí ọmọdé. Ojú ò tì mí.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹwàá

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìdajì ọjọ́. Ọmọbìnrin kan wá ya fọ́tò ìdánimọ̀. Nígbà tí mo fi hàn án lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́ kó mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí n pọ́n díẹ̀." Ọwọ́ mi ti ń ṣe é kó tó sọ tán, torí gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Lẹ́yìn tó lọ, mo gbójú sókè wo ògiri tí mo ń lẹ àwọn tó dára jù mọ́. Mo wá aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tí mo lẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe rí gan-an, mi ò rí. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó mi ń jókòó kọjú sí ògiri yẹn, tó ń gé etí fọ́tò.

Mi ò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Tọ́sìdeè, ọjọ́ kejìlá

Egbò ti ń gbẹ. Wọ́n ti yọ oògùn ìfúnpá kúrò. Dókítà onígíláàsì ní àwọn máa dá họ́mọ̀nù tòde náà dúró, pé níwọ̀n ìgbà tí àìsàn ti ń lọ, fìlà á gba iṣẹ́ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Màmá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dókítà náà kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì wá ń fa ara wọn dìde. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Adúmáradán ní kí n lọ gbé ọmọ wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ó ń bì láti àná. Ìfúnpá ti tún já wálẹ̀, wọ́n ti dá oògùn rẹ̀ padà, kò gbọ́. Ó ní gbogbo ara ń ro òun, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ lọ. Wọ́n rò pé kòkòrò mìíràn ló tún wọlé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan.

Nígbà tí Dókítà onígíláàsì fi máa wá bá èmi àti Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ti pa ojú dé, ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú dáadáa. Ṣé kò sí nǹkan kan tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́? Oògùn oríkèé ríro, oògùn ikọ́ fée, abẹ́rẹ́, ìpara tó le?"

Màmá dáhùn kí n tó la ẹnu. "Ìpara kẹ̀? Ìpara kì í ṣe oògùn, dókítà. Òróró lásán lọmọ mi fi ń para, bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn." Ó kọjú sí mi. "Àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Dókítà wo ọwọ́ ìyàwó mi díẹ̀ sí i, níbi oríkèé ìka tó dúdú ju ìka lọ. Wọ́n pè é níbòmíràn, ó lọ.

Ìpara ni dókítà mẹ́nu bà kẹ́yìn nínú gbogbo ohun tó kà, ó sì yára mẹ́nu bà á. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn láti ìgbà tí mo ti délé: ká ní ó ṣe pàtàkì ni, òun ni ì bá fi ṣáájú.

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò gbé ọmọ lọ.

Dókítà onígíláàsì ò sí níṣẹ́. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ń sáré káàkiri. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, Màmá sì tẹ̀ lé mi. Mo bi í léèrè bóyá egbò náà mọ́. Ó ní ó mọ́. Mo padà.

Mo lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lè rán Màmá lọ ra omi. Mi ò ṣe ọ̀kankan. Tó bá jí tó gbọ́ pé mo ti tú àṣírí rẹ̀ síta lójú ìyá rẹ̀, níbo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀? Nǹkan kan ṣoṣo ló ní kí n pa mọ́ fún òun láyé.

Ìyẹn nìkan kọ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́ kó tán. Èmi ni mo ní kó dá a dúró. Tó bá jẹ́ pé ìpara yẹn ní ọwọ́ nínú ohun tó ń ṣe é, a jẹ́ pé ìjà tí mo borí ló gbé e dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Mo jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró nínú ilé ìdáná, mi ò mọ adùn rẹ̀.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Nígbà tí mo dé lówùúrọ̀, wọ́n ti fa aṣọ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló já wálẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó máa gbọ̀n. Màmá ń pe orúkọ rẹ̀ láìdákẹ́, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í pè. 

Dókítà onígíláàsì jáde láti inú aṣọ náà. Mi ò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò rántí pé Màmá wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ó ń para, dókítà. Ìpara abóra. Gbogbo ara, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọdún mẹ́fà. Oṣù tó kọjá ló dá a dúró lójijì, èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀."

Màmá ò pe orúkọ náà mọ́.

Dókítà ò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì yíjú padà, ó ń pàṣẹ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń jí fìlà náà, wọ́n ní kí a dúró díẹ̀, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá họ́mọ̀nù tòde padà sí i lára. Wọn ò dúró de èsì.

Dókítà jókòó tì mí lẹ́yìn náà. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìpara yẹn ló ní oògùn alágbára tó ń ṣiṣẹ́ bíi họ́mọ̀nù yẹn gan-an, pé ó ń gba awọ wọ inú ara. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan ń bá yín ya fọ́tò fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ni ṣọ́ọ̀bù á lọ sùn. Wọ́n wá lé alágbàṣe yẹn lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀yin ò sì tíì jí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni èrò wá rọ́ dé."

"A jẹ́ pé èmi ni mo lé e."

"Ìpara yẹn ni kò dáa. Dídá a dúró lójijì náà ò dáa. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, ẹ̀yin ò sì mọ̀. Ohun tí ẹ mọ̀, ẹ ti sọ ọ́."

Ó ṣe mí lóore jù. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ Sátidé.

Túsìdeè, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Èsì dé. Pẹ̀lú gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi jí i, fìlà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira rárá. Sísùn ló ń sùn lóòótọ́. Ìfúnpá ìyàwó mi ti gòkè, ó sì mu tíì ìdajì ife.

Òjò ti dá. Oòrùn wọlé látojú fèrèsé wọn, ó bá a lójú. Mo fẹ́ sún fèrèsé náà pa, ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kejìdínlógún

Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó ń gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń dá a padà, bíi pé tábìlì ni mí. Lónìí, nígbà tí a jókòó síta, ó kàn ṣàdédé ní, "Àwọ̀ tí mo fún un ni kò tó o?"

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyá mi ló fi jọ. Gbogbo yín ń gbọ́, ẹ ń wò mí." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu imú. "Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ò tiẹ̀ pọ́n tó bẹ́ẹ̀."

 Mo di báàgì rẹ̀ mú fún un títí ó fi sunkún tán.

Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n ti gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, lẹ́bàá fèrèsé. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ìdájọ́ mi ti dé, torí lánàá ni nọ́ọ̀sì kọ́ ọ ní gbogbo bó ṣe máa lo oògùn oníhóró tí wọ́n fi rọ́pò họ́mọ̀nù ara rẹ̀. Láràárọ̀ ni, kò gbọdọ̀ fò ó, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí fìlà á fi jí. Tí ibà bá ṣe é, kó lò ó sí i, kó sì sáré wá. Nọ́ọ̀sì tí yóò ṣàlàyé gbogbo ìyẹn láìdárúkọ ìpara ò tíì sí láyé.

Láti àná ni mo ti ń ṣètò ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Mo gé irun àgbọ̀n mi. Màmá wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé, ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Mo jókòó. Mo ní, "Adúmáradán, mo ti da májẹ̀mú. Mo sọ fún wọn, Màmá sì gbọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

 Ó ní, "Ìgbà wo ni dókítà kọ́kọ́ bi ọ́ nípa ìpara?"

"Sátidé."

"Ìgbà wo lo sọ?"

"Mọ́ńdè."

Ó ń kà á sínú, mo rí i lójú rẹ̀. "Sátidé, mo ń gbọ́ ohùn yín. Mi ò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ mo ń gbọ́. Mo gbọ́ tó bi yín. Mo ní, ọpẹ́ o, Fọ́tò wà níbẹ̀, Fọ́tò á sọ ọ́. Mo gbọ́ tí o ní 'Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.'" Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá. "Ìtìjú mi lò ń ṣọ́, àbí èmi?"

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo tò sẹ́nu, kò sí èyí tó bá ìbéèrè yẹn mu. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Ó ní òun mọ̀, ẹ̀rù ń ba òun náà, òun nìkan ló sì wà nínú rẹ̀.

Màmá ti pa aṣọ kíká tì. Ìyàwó mi kọjú sí i. Ó ká ọwọ́ aṣọ ilé ìwòsàn sókè dé èjìká, ó na apá rẹ̀ sí i nínú oòrùn. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, iṣan inú rẹ̀ hàn, ìlà pupa pupa sì sá láti abíyá lọ sí apá níbi tó ti sán. Mi ò rí i nínú ìmọ́lẹ̀ báyẹn rí. Nínú òkùnkùn ló máa ń pààrọ̀ aṣọ.

"Ẹ wò ó dáadáa, Màmá," ó ní. "Èmi ni mo ṣe é."

Màmá gbé ọwọ́ lé apá náà, ó ń fi àtàńpàkò ra á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi òróró pa ara ọmọ tuntun.

Mo dìde kí n lè fi wọ́n sílẹ̀. Mo ti dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Níbo lò ń lọ? Padà wá, Fọ́tò," ó ní. "Ìwọ náà wò ó."

Mo padà. Mo wò ó.